Kí A Tó Fọwọ́ Kan Òkú Igi Nínú Igbó Ọba

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn onígẹdú, àwọn apẹja àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ẹ̀pẹ́. Mo tún un kọ kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin onígẹdú tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pákó yín pa lónìí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé owó òòjọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré. Ọlọ́run yóò fi èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin apẹja, ẹ kú ewu omi. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wá láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ òkú igi ni mo bá wá. Tí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá jó igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá da igi dùbúlẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, tàbí tí kòkòrò bá jẹ odindi oko igi tán, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo wa: ta ni yóò kó gẹdú náà kó tó jẹrà? Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Èéfín ò tíì kúrò nílẹ̀ tí àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì ìgégi á ti máa wá ẹni tí yóò fún wọn níwèé. Ohun tí mo wá sọ ni pé àsìkò tí igbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yẹn gan-an ló yẹ kí àyẹ̀wò ohun tí ìgégi yóò ṣe sí àyíká le jù lọ, àsìkò yẹn gan-an ni a sì máa ń fo àyẹ̀wò dá.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n inú igbó ọba ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Mi ò tíì lò tó ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iná ọyẹ́ jó apá kan igbó tí wọ́n fi mí sí. Oko Gmelina, èyí tí ẹ̀yin onígẹdú ń pè ní mẹlínà, ló wà lápá òkè. Igbó àdáyébá ló wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àṣẹ dé pé kí a kó gbogbo òkú igi kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Katapílà dé, ọkọ̀ agbégi dé. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa odò yẹn, tàbí nípa bí ilẹ̀ náà ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú rẹ̀.

Èmi ni mo di hámà mú. Ẹ mọ hámà dáadáa: igi tí a kò bá fi lù lóǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nínú igbó ọba. Mo lu òkú igi, mo sì lu igi tí kò tíì kú. Àwọn igi ńlá etí odò, èèpo wọn lásán ni iná jó. Tí ẹ bá fi àdá ha èèpo náà díẹ̀, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ṣì ń sun omi. Mo rí i. Ọ̀gá tó wà lórí mi ní kí n máa lù ú lọ, pé tó bá yá yóò kú. Mo sì lù ú. Ní apá òkè, kùkùté mẹlínà tí iná jó ti ń yọ ọ̀mùnú, nítorí igi yẹn kì í tètè gbà pé òun kú. Katapílà gun orí ọ̀mùnú náà kọjá, ó wọ́ gẹdú gba àárín wọn, ilẹ̀ sì di kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, odò náà pọ́n bí osùn. Àwọn ìyá mẹ́ta láti abúlé ìsàlẹ̀ ru ìkòkò omi wọn wá bá mi ní ibùdó wa. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo wo inú ìkòkò yẹn, mi ò rí ìdáhùn kankan fún wọn. Ó ti tó ogójì ọdún, mo ṣì ń wá a.

Kí ni òkú igi ń ṣe nínú igbó tí a ò bá gbé e kúrò? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹyẹ àkókó. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ta ni yóò fi odó àkókó gúnyán, bíi pé iṣẹ́ tó ń ṣe ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí kò lè gbẹ́gi fúnra rẹ̀, inú ihò tí àkókó gbẹ́ sílẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Oyin ń gbé inú igi tó ti lu. Àgbìgbò, ẹyẹ tó ń gbé irúgbìn káàkiri igbó wa, inú ihò igi ńlá ló ń pa ọmọ rẹ̀ mọ́ sí. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, àkókó kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bíi èédú. Ibi tí iná bá ti jó igbó ló ń wá lọ, nítorí pé àwọn kòkòrò máa ń yé ẹyin sínú igi tí iná pa, ìdin wọn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Tí a bá gbé igi yẹn lọ, a ti gbé ilé rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó kan apẹja ni igi tó wó ní ìdábùú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òun ló ń dá ẹ̀kún omi dúró, tó ń mú erùpẹ̀ kó máa bàa dé odò. Ilẹ̀ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kò ní ewé, kò ní koríko. Bí ọgbẹ́ tí èépá rẹ̀ kò tíì dì ló rí. Ẹni tó bá gbé katapílà gun irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń tú ọgbẹ́ náà. Lábẹ́ òjìji igi gbígbẹ ni irúgbìn tó ṣẹ́kù sì ti ń hù, nítorí oòrùn òòró gangan ò ní jẹ́ kó gbáyé.

Mi ò ní sọ pé ẹni tó ń kánjú kò ní ẹ̀tọ́ láti kánjú o. Ẹ̀yin onígẹdú ẹ mọ̀ ju mi lọ pé arère tó bá sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ti yí padà sí búlúù, kòkòrò á ti gún un ní ihò kéékèèké, owó rẹ̀ á sì já. Àfàrà náà kì í pẹ́. Ìrókò lè fara dà á, ìdígbó náà le díẹ̀. (Ó máa ń dùn mọ́ mi pé tí ẹ bá dé ọjà gẹdú ní òkè òkun, ìrókò, àfàrà àti ìdígbó ni wọ́n ń pè é bí a ṣe ń pè é níbí. Èdè wa ni wọ́n fi ń ta igi wa.) Nítorí náà, àsìkò ń lọ lóòótọ́, owó sì ń bàjẹ́ lóòótọ́. Òtítọ́ yẹn ni àwọn kan ń gùn lórí láti dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ìjà yìí ti pẹ́ jù lọ lórí igbó tó jẹ́ ti gbogbo aráàlú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe iṣẹ́ ńlá kankan tó lè kan àyíká, kó kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sílẹ̀, kó kọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà, kó sì jẹ́ kí aráàlú sọ tẹnu wọn. Òfin yẹn mú gígé òkú igi nínú igbó ìjọba pẹ̀lú.

Ní ọdún 1995, àwọn aṣòfin wọn wá ọ̀nà yí i ká. Wọ́n ń ṣe òfin ìnáwó kan nígbà náà. Owó ìrànwọ́ fún ìlú Oklahoma City, níbi tí bọ́ǹbù ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wà nínú rẹ̀. Inú òfin yẹn ni wọ́n ki ọ̀rọ̀ gẹdú bọ̀. Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí i ní oṣù keje. Láti ìgbà náà dé òpin ọdún 1996, ìwé àyẹ̀wò yòówù tí òṣìṣẹ́ igbó bá kọ lórí òkú igi, kódà kó ṣe ṣókí, òfin ti kà á sí pé ó tó, ilé ẹjọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n pè ní òkú igi: igi tó ti kú, igi tó fara pa, igi tó ń ṣàìsàn, igi tí iná tàbí kòkòrò lè bà láìpẹ́, àti àwọn igi mìíràn tó bá wọn dúró níbẹ̀. Igi wo ló kù nínú igbó tí kò sí nínú ìyẹn? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, hámà tí mo fi lu igi etí odò ló wá sí mi lọ́kàn. “Tó bá yá yóò kú.” Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni wọ́n kọ sínú òfin ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 2003, wọ́n tún gbé ìlànà kan jáde: tí ibi tí a fẹ́ ti kó òkú igi kò bá ju 250 ẹ́kà lọ, àyẹ̀wò kíkún kò pọn dandan. Iná ńlá kan ti jó ní igbó ìjọba Sequoia ní California ní ọdún 2002. Iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ lórí òkú igi, 238 ẹ́kà ni. Ẹ wò ó dáadáa: 250 ni ààlà, 238 ni iṣẹ́. Earth Island Institute, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká, àti àwọn mìíràn gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, pé wọn ò fún aráàlú láǹfààní láti sọ̀rọ̀. Wọ́n parí ìjà orí ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ẹjọ́ lórí ìlànà sì ń bá a lọ títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọdún 2009, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní àwọn olùpẹ̀jọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ìlànà náà jà, nítorí wọn ò lè tọ́ka sí ibì kan pàtó mọ́ tí ìlànà náà yóò ti pa wọ́n lára. Ẹ fi ẹjọ́ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọdún 2002 yẹn kan náà ni iná Biscuit jó nǹkan bí 500,000 ẹ́kà ní Oregon. Àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì lọ ka ọmọ igi tó ń hù níbi tí wọ́n ti kó òkú igi àti ibi tí wọn ò fọwọ́ kàn. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 2006. Níbi tí katapílà ti wọlé, ọmọ igi tó hù fúnra rẹ̀ fi 71 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka àti pàǹtí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn ìgégi sì pọ̀ tó fi jẹ́ pé ìdáná ni wọ́n tò sílẹ̀ de iná mìíràn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ìwádìí náà láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn, nítorí àwọn kan ń sọ pé a ò lè fi ọdún méjì mẹ́ta ṣèdájọ́ igbó. Mo gbà pé ọdún yẹn kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà ni mo fi ojú ara mi rí nídìí kùkùté mẹlínà.

Ti Póláǹdì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kòkòrò ń jẹ igi nínú igbó àtayébáyé kan tí wọ́n ń pè ní Białowieża. Ní ọdún 2016, mínísítà wọn fọwọ́ sí i kí ìgégi pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, pé kòkòrò ni òun fẹ́ dá dúró. Ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní kí wọ́n dúró ná, ó halẹ̀ owó ìtanràn 100,000 yúrò lójúmọ́ mọ́ wọn, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2018, ó dá wọn lẹ́bi. Ohun tó so wọ́n rọ̀ ni pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó dá wọn lójú pé ìgégi náà kò ní ba igbó jẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ní ọdún 1988, wọ́n rí pàǹtí olóró tí ọkọ̀ òkun já sí ìlú Koko, inú bí gbogbo Nàìjíríà. Látinú ìbínú yẹn ni iléeṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tó ń rí sí àyíká ti jáde, nígbà tó sì di ọdún 1992, ìjọba ológun gbé Òfin 86 kalẹ̀, òfin àyẹ̀wò àyíká tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní EIA. Òfin náà ṣì wà títí dòní. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lè kàwé nínú yín kà á, nítorí ó dára ju bí a ṣe ń lò ó lọ.

Òfin yẹn ní ìgégi tó bá dé 500 hẹ́kítà, àyẹ̀wò rẹ̀ di dandan. Kò sọ pé igi tútù ni tàbí òkú igi. 500 hẹ́kítà jẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà márùn-ún, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Ó tóbi. Iná tó jó igbó mi nígbà yẹn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gé 500, kí ni yóò ní kó má pín in sí ọ̀nà márùn-ún, kó fi orúkọ márùn-ún gba ìwé? Ẹ rántí 238 lábẹ́ 250. Àbí ẹ rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni ènìyàn ti mọ ìṣirò?

Ihò kejì ni pé òfin náà yọ iṣẹ́ tí a ṣe lásìkò pàjáwìrì orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àti èyí tí wọ́n bá ní ó jẹ́ nítorí ìlera tàbí ààbò aráàlú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún igi tó fẹ́ wó lu ọ̀nà tàbí orí ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n gé e lónìí, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni. Oko mẹlínà tàbí tíkì tí a gbìn fún títà náà, tí iná bá jó o lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mi ò rí ìdí tí a ó fi dá onígẹdú dúró fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹnu pàjáwìrì máa ń fẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí igi kan létí títì, ó parí sí odindi igbó etí odò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ẹ̀pẹ́ gan-an nìyí. Abala kẹrin òfin yẹn to ohun tí ìwé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a kò tíì mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní àkótán tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè kà kó yé e. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn yóò fara gbá nínú rẹ̀. Abala keje ní kí ìjọba tó pinnu, kó fún aráàlú àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ̀rọ̀.

Igbó ọba tó súnmọ́ wa jù tó sì tóbi jù, Omo, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Ní ọdún 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀. Apá kan rẹ̀ ni wọ́n gbin mẹlínà sí, tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwòpin, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé yín lọ láti ibí. Ẹni tó bá wo máàpù yóò sọ pé kí ló kan ará Èkó níbẹ̀. Odò ló kàn án. Odò Omo àti odò Ọ̀ṣun ń ṣàn látòkè wá, ọ̀sà tí ẹ ti ń dẹ àwọ̀n yìí ni wọ́n ń já sí. Erùpẹ̀ kì í gba ìwé ìrìnnà kó tó kọjá ààlà Ògùn sí Èkó. Gẹdú náà sì ń tẹ̀lé e wá: ẹ ṣáà mọ̀ pé Àgbówà ni ìjọba pinnu pé òun yóò kó àwọn onípákó Òkobàbá wá. Igi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ nìkan ni kì í dé.

Mo sọ pé mò ń padà sórí ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Níbí, ní oṣù keje ọdún 2018, nínú ẹjọ́ láàárín Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, ilé ẹjọ́ wa tó ga jù lọ ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹ̀jọ́, kódà bí kì í bá ṣe ilé tiwọn ni epo ti ya wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, àwa ṣí i ní ọdún 2018. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé nítorí igbó.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, onígẹdú kan dìde. Ó ní, “Bàbá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ń dúró de ìwé, kí lọmọ wa fẹ́ jẹ?” Mo ní ìbéèrè rẹ̀ tọ́, pé ẹni tó ní kí onígẹdú dúró láìsọ iye ọjọ́ ń yan án jẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìjọba ya igbó ọba sí ọ̀nà méjì kí iná tó jó rárá: kí a mọ ibi tí a lè wọ̀ ní kíá, kí a sì mọ ibi tí a kò ní wọ̀ láé, bí etí odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti ibi tí ẹranko ń gbé. Tí ìyẹn bá ti wà nílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àyẹ̀wò lẹ́yìn iná kò ní gba àkókò púpọ̀. Ó jókòó, ó ní òun á gbà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àlàájà kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo bi mí pé, “Ta ni yóò sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ gé e?” Mo ṣàlàyé fún un pé tí àyẹ̀wò bá ti di dandan, òfin ní kí wọ́n kéde ọjọ́ tí ìwé náà yóò wà níta, ibi tí a ti lè rí i gbà, àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ ti fi èsì ránṣẹ́ tán. Ó ní òun ò rí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ẹja. Mo ní èmi náà ò rí i rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kí a tó dìde, wọ́n yan èèyàn mẹ́rin: onígẹdú méjì, apẹja kan, àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ní òun yóò wá òfin náà, tí yóò sì túmọ̀ abala kẹrin àti ìkeje sí Yorùbá tó rọrùn. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì igbó nípa ibi tí iná jó ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kí wọ́n mọ̀ bóyá hámà ti dé ibẹ̀. Mo fún wọn ní nọ́ńbà mi, mo sì ní kí wọ́n mú àdá kan dání, kí wọ́n fi ha èèpo wò.